Kọ̀ǹpútà Ò Rí Káàdì Tí O Fi Ránṣẹ́

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ẹnjiníà mi,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, torí ó mọ̀ pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, mo lè gbàgbé òun. Ó kí ọ o. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń béèrè bóyá aṣọ òtútù tí òun rán sí ọ gùn dé orúnkún. Ara wa le, àfi etí mi tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe.

Ẹrù rẹ ti dé. Ẹni tó gbé e wá kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro ó, èmi jókòó síbi tábìlì mi, n ò gbọ́. Ìyá rẹ ló gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Nítorí náà, má ṣe ní ká sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Ariwo lásán ni fóònù ń ṣe sí mi létí. Má sì bá ìyá rẹ sọ ọ́ kó wá sọ fún mi, nítorí tí o bá sọ nǹkan márùn-ún fún un, méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́tà ni kí o kọ. Ọjọ́ mẹ́fà, méje, ó ti dé. Màá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, màá máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́.

Mo dúpẹ́ gan-an. Nígbà tí o ní o máa fi káàdì tó ń bá kọ̀ǹpútà gbé àwòrán ńlá ránṣẹ́, mo rò pé ohun tí èèyàn lè fi sápò ni. Àfi bí mo ṣe ṣí páálí tí mo rí ohun tó tó bíríkì, tó ní fáànù méjì níkùn, tó tún ní eyín wúrà wẹ́wẹ́ létí kan. Ìyá rẹ ní kí n má gbé e sítòsí oúnjẹ òun.

O mọ ìdí tí mo fi nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ. Màdáámù onílé-ìwé fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé alájà méjì. Ogójì ọdún ni mo ti ń ya ilé sórí bébà, kò sì sí èyí tó wó nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ bébà wò. Ó fẹ́ rìn wọnú ilé náà lójú kọ̀ǹpútà, kó gun àtẹ̀gùn rẹ̀, kó rí ibi tí oòrùn máa gbà wọlé, kó tó gbà pé èmi ni kí n yà á. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ló dá fún mi. Bí n ò bá rí i ṣe, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya ilé lókè ilé ìfowópamọ́ ní òdìkejì títì ló máa gbé e fún. Kọ̀ǹpútà mi sì rèé, orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ló ń kú sí. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó máa tún pè mí. Wọ́n á ní Bàbá ti darúgbó, wọ́n á wá máa kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí wọ́n bá ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Mo tú àpótí kọ̀ǹpútà fúnra mi. Mo ki káàdì bọ ihò gígùn tí o júwe. Ó le díẹ̀, mo tì í, ó wọlé. Mo tan iná. Kọ̀ǹpútà tàn bó ṣe máa ń tàn, ṣùgbọ́n níbi tó ti ń to orúkọ àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀, kò dárúkọ káàdì. Àlejò wọlé, onílé ò tiẹ̀ bojú wò ó. Fáànù méjèèjì ò yí.

Má rò pé mo fi ọwọ́ líle mú nǹkan. O mọ ilé wa. Ojú kọ̀ǹpútà tí o rà fún mi lọ́dún tó kọjá, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun tí ọmọ bá rà, a kì í lò ó nílòkulò.

Kí ni kí n ṣe? Kọ ọ́ ní kíkún, má fo nǹkan kan.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé aṣọ òtútù náà kọjá orúnkún, ó ku díẹ̀ kí n máa fi gbálẹ̀ títì. Ṣùgbọ́n ó móoru, mo sì ń wọ̀ ọ́ sùn. Yàrá mi wà lókè pátápátá, àjà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ débi pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ti lè nàró. Mo ti gbá orí mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ti ń kí i kí n tó dìde.

Ó dùn mí pé káàdì ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ohun méjì ló máa ń fà á. Àkọ́kọ́, káàdì yẹn ń fẹ́ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, ẹ máa rí ihò kéékèèké mẹ́fà. Lára àwọn wáyà tó ń jáde látinú àpótí iná kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà tí ẹnu rẹ̀ bá ihò mẹ́fà yẹn mu. Ẹ so wọ́n pọ̀. Ìkejì, wọ́n ní kí ẹ yọ wáyà ojú kọ̀ǹpútà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi sẹ́yìn káàdì gan-an. Wọ́n ní tí ẹ bá ṣe méjèèjì, ó máa tàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ẹ má ní ẹ máa yára ṣe é.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ẹnjiníà mi,

A dúpẹ́ pé o wà láyé. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí lórí ọ̀rọ̀ aṣọ òtútù, ó ní kí o má gé e, o ṣì máa ga. Mo ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n? Ó ní kí n dákẹ́.

Mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. Mo yọ ọ́ lára ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ìyá rẹ di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń tàn án sí ibi tó wù ú. Mo rí wáyà oníhò mẹ́fà, mo so ó. Mo fi wáyà ojú kọ̀ǹpútà sẹ́yìn káàdì. Mo tan iná. Fáànù méjèèjì yí! Mo pariwo, ìyá rẹ pariwo. A wá gbójú sókè wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ṣókùnkùn biribiri. Bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, mo ń rí nǹkan.

Mo dá wáyà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà tàn. Mo wo orúkọ àwọn ohun inú rẹ̀, káàdì ò sí níbẹ̀. Orí mi ti dàrú. Káàdì ń jẹ iná mi, fáànù rẹ̀ ń yí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú, kọ̀ǹpútà sì ń sọ fún mi pé kò sẹ́nì kankan níbí. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó tún ń jẹ mí lọ́kàn. O kọ "wọ́n ní" nígbà mẹ́ta nínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Àwọn wo ni wọ́n? Èmi kì í sọ fún oníbàárà mi pé wọ́n ní ògiri yìí ò ní wó. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́, orúkọ mi ló sì ń wà nísàlẹ̀ bébà. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Bàbá Ẹnjiníà. Lánàá, ẹni tó ń jó irin fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi mí pé ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ṣe, ṣé ti bàbá rẹ̀ ló ṣòro fún un ni? Mo fi ẹ̀rín gbé e. Kò dùn mọ́ mi nínú.

Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdààmú. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé abẹ́ tábìlì kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ wà lọ́jọ́ orí yín.

Màá dáhùn ọ̀rọ̀ "wọ́n" yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba káàdì sílẹ̀ ná.

Ẹ yọ káàdì jáde. Ẹ mú rọ́bà tí ẹ fi ń pa ìlà rẹ́, ẹ fi pa eyín wúrà rẹ̀ lọ, ẹ pa á bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ìdọ̀tí ọwọ́ lè wà níbẹ̀. Ẹ tún un kì bọlé kó dún. Bí kò bá tíì ṣiṣẹ́, bátìrì róbótó kan wà lára pákó ńlá tí gbogbo nǹkan so mọ́, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ẹ yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà, kí kọ̀ǹpútà lè gbàgbé ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó sì tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó tún lè jẹ́ pé àpótí iná yín ti kéré. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo kọ nípa ojú kọ̀ǹpútà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ̀ lé e.

Páálí rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tó dé, ṣé inú rẹ̀ dára? Kò sí nǹkan tó fọ́ tàbí tó ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́?

Ọmọ yín


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Bàbá,

N ò kí yín tán, ẹ má bínú, mo fẹ́ kí èyí tètè dé. Tí ẹ ò bá tíì yọ bátìrì, ẹ má yọ ọ́ o. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó bá ti pẹ́ bíi tiyín lè ṣe ségesège tí ẹ bá yọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo tún ti kọ "wọ́n ní".

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Ẹnjiníà mi,

Lẹ́tà tó ní kí n yọ bátìrì dé lọ́jọ́ Ajé. Èyí tó ní kí n má yọ ọ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo yọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi nísinsìnyí pé ọdún tí o wà ní kíláàsì kẹta la wà. Mo fẹ́ tún un ṣe, ìyá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀ díẹ̀, òun fẹ́ràn ọdún yẹn. Káàdì kò yọjú síbẹ̀síbẹ̀. Mo pa eyín rẹ̀ bí o ṣe wí títí ó fi ń dán, mo sì tún un ṣe bó ṣe yẹ kí n tó dá a padà. Fáànù ń yí. Páálí rẹ̀ tẹ̀ wọnú nígun kan, ṣùgbọ́n inú dára. Kí ló dé tí o fi béèrè?

Mo ka gbogbo lẹ́tà rẹ pọ̀ lánàá. Ṣe báyìí, má ṣe báyìí, ó lè jẹ́, ó lè má jẹ́. Èyí kọ́ ni ohùn ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn ẹni tí nǹkan ń ṣe ni. Sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́ ni? Àbí ara rẹ ni kò yá? Ìyá rẹ ò jẹun dáadáa láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ fún un, mo sì kábàámọ̀ pé mo sọ.

Màdáámù onílé-ìwé yà sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo tábìlì mi, ó wo àpótí kọ̀ǹpútà tí mo tú sílẹ̀ gbayawu, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí ìyọnu?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí Ìyá náà jókòó.

Wọn ò lé mi níṣẹ́, ara mi sì yá. Àwọn "wọ́n" tí ẹ ń béèrè, ẹnì kan ṣoṣo ni. Olójú-mẹ́rin là ń pè é nítorí gíláàsì rẹ̀. Òun ló ń yẹ ohun tí àwọn oníbàárà bá dá padà wò níbi iṣẹ́ wa. Tí lẹ́tà yín bá dé, màá lọ bá a lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, màá bi í, màá sáré kọ ohun tó bá sọ sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà míì n kì í gbọ́ ọ yé.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Páálí ni mò ń gbé. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni, pẹpẹ rẹ̀ ga dé àjà, wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà sílẹ̀, a ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Màá gbé páálí sọ̀ kalẹ̀, màá fi ohun kan tó dà bí ìbọn ka àmì ara rẹ̀, ó máa dún píì, màá gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Igba páálí lójúmọ́, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú wọn ni kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo kọ̀wé sí yín pé mo ti ríṣẹ́ síléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Ẹ kọ̀wé padà, ẹ fi "Ẹnjiníà mi" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo kà á ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, inú mi dùn débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní màá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta rèé. Ojú ń tì mí, Bàbá.

Ó ku ẹyọ kan. Káàdì yín já bọ́ lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́ kí n tó rà á. Ibẹ̀ ni igun páálí ti tẹ̀. Èyí tí páálí rẹ̀ bá ti bàjẹ́, wọ́n máa ń jẹ́ ká rà á lówó pọ́ọ́kú, ìdí nìyẹn tí mo fi rí i rà. Láti ìgbà tí ẹ ti ní kọ̀ǹpútà ò rí i ni ẹ̀rù ti ń bà mí pé èmi ni mo fọ́ ọ, pé èmi ni mo fẹ́ ba iṣẹ́ yín jẹ́.

Olójú-mẹ́rin ní òun ò gbà pé ó fọ́, nítorí fáànù ń yí. Ó ní kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe láti ìgbà tí ẹ ti ṣí páálí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tí ẹ bá rò pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo ti ń ka ọjọ́. Ó yẹ kí èsì yín ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo pe Ìyá lórí fóònù, ó ní ẹ wà ńlé, ẹ ń jẹun, ẹ ò kàn sọ̀rọ̀ ni. Mo ní ṣé lẹ́tà mi dé. Ó ní ó dé. Mo ní kí ni ẹ wí. Ó ní, "Fi bàbá rẹ sílẹ̀ ná."

Ó ku ọjọ́ méje. Tí ẹ bá tiẹ̀ ń bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí Olójú-mẹ́rin ní kí ẹ kọ. Kò di dandan kí ẹ kí mi níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí ọ tí mo ya. Mo bínú gan-an. Kì í ṣe nítorí páálí. Bàbá tèmi gbé iyanrìn lórí títí mo fi kàwé, n ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọdún mẹ́ta ni o fi ń rí orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ lókè lẹ́tà mi, o ò sì lè sọ fún mi. Mo jókòó, mo ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe tí ọmọ mi fi ń bẹ̀rù mi. Ìyá rẹ ní kí n bi ara mi ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Mo wá ìdáhùn títí, èmi náà ni.

Ó tó. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti ń ronú ohun tí màá sọ fún Màdáámù. Ṣùgbọ́n Olójú-mẹ́rin ní kí n kọ ọ́, màá kọ ọ́.

Mo fi ọ̀bẹ la páálí. Mo fọ ọwọ́ mi, mo nù ún gbẹ. Mo gbé káàdì jáde, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́. Mo rí eyín wúrà rẹ̀ bó ṣe ń dán, mo ní ohun tí ọmọ mi rà yìí, eruku ò gbọdọ̀ kàn án. Mo gé díẹ̀ lára ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìyá rẹ fi ń bo oúnjẹ, mo fi wé eyín náà, mo fà á kó má ká jọ, bí mo ṣe fi wé rédíò àti rìmóòtù. Mo wá kì í bọ ihò rẹ̀. Nígbà tí o ní kí n fi rọ́bà pa á, mo tú ọ̀rá yẹn, mo pa á, mo sì fi ọ̀rá tuntun wé e, torí ti àkọ́kọ́ ti ya. Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́ kó dún

Dúró ná.

Mo ti padà dé. Bírò míì nìyí, n ò mọ ibi tí mo ju ti àkọ́kọ́ sí.

Ogójì ọdún ni mo ti ń fi rọ́bà wé wáyà tó bá bó nínú ilé yìí kí iná má bàa gbé wa. Èmi yìí náà ni mo fi ọ̀rá wé ibi tí ó yẹ kí iná gbà. Mo bó ọ̀rá náà kúrò. Mo kì í bọlé. Mo fi wáyà ojú kọ̀ǹpútà sẹ́yìn rẹ̀, mo tan iná. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó tàn yòò. Kọ̀ǹpútà dárúkọ káàdì ní kíkún, orúkọ gígùn bíi ti ọba. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọ̀rá lọ́wọ́ mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta ni òun fi ń wá ẹni tó ń gé ọ̀rá òun.

O ò fọ́ nǹkan kan. Gbọ́ mi dáadáa: o ò fọ́ nǹkan kan. Èmi ni.

Màá dá lẹ́tà yìí dúró di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí o lè gbọ́ ibi tó já sí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó wá. Mo jẹ́ kó jókòó sórí àga mi. Ó wọ ilé ìkàwé náà láti ẹnu ọ̀nà, ó gun àtẹ̀gùn, kọ̀ǹpútà ò kú. Ó dúró lókè níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ gbà wọlé. Ó wá ní kí n fẹ fèrèsé kejì sí i díẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ní kí o fẹ fèrèsé, ó ti gba ilé nìyẹn.

Nígbà tó lọ tán, ẹni tó ń jó irin fèrèsé bi mí bóyá ẹnjiníà ló tún un ṣe níkẹyìn. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe ẹnjiníà, páálí ló ń gbé níléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òun ló sì ra káàdì yẹn fún mi. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹnjiníà mọ́ ni?" Mo ní kò ṣe é rí. Ó kí mi kú oríire, ó padà sídìí irin rẹ̀.

Bá mi kí Olójú-mẹ́rin. Ìyá rẹ ní kí o má wọ aṣọ òtútù gígùn yẹn lọ síbi iṣẹ́ mọ́, kó má lọ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tí o bá gbé ẹrù. Ó ti ń rán èyí tó kúrú.

Igba páálí lójúmọ́ lo kọ. O ò kọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Báwo ni wọ́n ṣe wúwo tó? Ṣé o máa ń tẹ orúnkún kí o tó gbé e, àbí ẹ̀yìn lo fi ń gbé e? Ta ló máa ń bá ọ gbé èyí tó bá wúwo jù? Kọ ọ́ ní kíkún, má fo nǹkan kan.

Bàbá rẹ